Bí A Ṣe Ń Wádìí Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Fi Kan Òṣìṣẹ́ Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Iṣẹ́ ìwádìí nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n yàtọ̀ sí èyí tí a ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba mìíràn. Bí akọ̀wé kan bá kó owó jẹ ní Aláùsá, ẹni tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn yóò padà sílé tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́wọ̀n tó fẹjọ́ wọ́dà sùn ní Kírikírì, abẹ́ ìṣọ́ wọ́dà náà tàbí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò sùn mọ́jú. Ọwọ́ wọ́dà ni kọ́kọ́rọ́ wà, òun ló ń kọ ìwé àkọsílẹ̀, òun náà ló sì ń pe ẹlẹ́rìí jáde láti inú yáàdì. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí pé ìwé ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu ènìyàn, àti pé kí wọ́n tó bi ẹlẹ́wọ̀n kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kí wọ́n ti mọ ibi tí yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí àwọn bá lọ tán.

Àwọn ọgbà tí iṣẹ́ yìí máa ń gbé ènìyàn dé ní Èkó ni àwọn tó wà ní Kírikírì, ìyẹn èyí tí ààbò rẹ̀ le jù, èyí tí ààbò rẹ̀ mọ níwọ̀n, àti ti àwọn obìnrin. Lẹ́yìn wọn ni ti Ìkòyí àti ti Àgbádárìgì. Ọgbà àtijọ́ tó wà ní Broad Street ní Erékùṣù Èkó ti di Freedom Park, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jó lálẹ́ báyìí, nítorí náà ìyẹn ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ tiwa. Ìjọba àpapọ̀ ló ni àwọn ọgbà tó kù wọ̀nyí, òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọdún 2019 ló sì ń darí wọn. Ìgbìmọ̀ tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀ sí CDCFIB, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ló ń bójú tó ìgbanisíṣẹ́, ìgbéga àti ìbáwí wọn. Olùwádìí lè ti inú iléeṣẹ́ náà wá, ó lè ti ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tàbí ti ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, wá, ó sì lè jẹ́ agbẹjọ́rò tí mínísítà yàn sínú ìgbìmọ̀ kan. Ibi yòówù kí ó ti wá, ọ̀nà iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Kí ẹ tó dé géètì

Lẹ́tà àṣẹ tí ẹ ó mú lọ gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn tí ẹ fẹ́ wádìí àti àkókò tí ó kàn, kí ó sọ pé ẹ lè wo ìwékíwèé tó bá jẹ mọ́ ọn, àti pé ẹ lè rí ẹnikẹ́ni ní ìdákọ́ńkọ́ láìsí òṣìṣẹ́ ọgbà nítòsí. Kí ó tún dárúkọ kámẹ́rà tàbí fóònù tí ẹ ó lò. Àìsí gbólóhùn kékeré yìí ti sọ ìwádìí púpọ̀ di òfo, nítorí pé wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo àlejò ní géètì, wọ́dà tó sì gba tiyín kò ṣẹ̀ sí òfin kankan. Ẹ má ṣe kọ orúkọ ẹlẹ́wọ̀n tó fẹjọ́ sùn sínú lẹ́tà náà. Ẹni tó bá gba lẹ́tà ní géètì yóò kà á, kí ẹ sì tó dé ọ́fíìsì ọ̀gá ọgbà, ìròyìn yóò ti dé yáàdì ṣáájú yín.

Ẹ kí ọ̀gá ọgbà bí ó ṣe yẹ kí a kí ọ̀gá, ẹ ṣàlàyé ohun tó gbé yín wá, kí ẹ sì béèrè ìwé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mínírà tútù tí wọ́n bá gbé síwájú yín lè dúró. Ìwé géètì kò lè dúró.

Àwọn ìwé tí ẹ ó kọ́kọ́ gbà

Nínú gbogbo ìwé ọgbà ẹ̀wọ̀n, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìwé ìkà-orí tí wọ́n ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́ àti nígbà tí wọ́n bá ṣí i láàárọ̀, nítorí pé iye ènìyàn ṣòro láti purọ́ nípa rẹ̀ láìjẹ́ pé ìwé mìíràn tú àṣírí. Ká ní wọ́n fẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ ilé ìdáná pé ó ń jí ẹ̀wà àti gàrí gbé jáde. Bí ẹ bá bi àwọn ẹlẹ́wọ̀n, gbogbo wọn ni yóò sọ pé oúnjẹ kéré, ọ̀rọ̀ wọn yóò sì jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì di ẹ̀rí pé ẹnì kan jalè. Ẹ gbé ìwé ìkà-orí ti oṣù kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé sítọ̀ tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ jáde ní oṣù kan náà. Bí ìkà-orí bá ní ènìyàn 900 sùn nínú ọgbà ní alẹ́ ọjọ́ kan, tí sítọ̀ sì gbé oúnjẹ ènìyàn 1,050 jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí ìwé géètì láti wò ó bóyá àwọn 150 náà wọlé láti kọ́ọ̀tù ní òwúrọ̀ yẹn. Bí kò bá sí ọkọ̀ kankan tó kó ènìyàn wọlé, ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti ṣàlàyé, ẹni náà kì í sì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ tún wò ó bóyá irú àlàfo bẹ́ẹ̀ máa ń wáyé ní ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kan pàtó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé tí wọ́n fi pín iṣẹ́ ni yóò fi èyí hàn yín.

Àwọn ìwé yòókù ni ìwé àlejò, ìwé ilé ìwòsàn ọgbà, ìwé tí wọ́n ń kọ ìjìyà ẹlẹ́wọ̀n sí, àti àwọn wáráǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ tí kọ́ọ̀tù fi rán ẹnì kọ̀ọ̀kan wá sí ọgbà, tó wà ní ọ́fíìsì rẹ́kọ́ọ̀dù. Wáráǹtì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ olùwádìí ti rò lọ, nítorí pé àwọn tí kò tíì gba ìdájọ́ ló pọ̀ jù nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, ọjọ́ tí wọn yóò padà sí kọ́ọ̀tù sì wà lára wáráǹtì wọn. Bí ẹlẹ́wọ̀n bá sọ pé wọ́dà kan gba owó lọ́wọ́ òun kí ó tó jẹ́ kí orúkọ òun wọ ọkọ̀ kọ́ọ̀tù, ẹ fi ọjọ́ tó wà lára wáráǹtì wé ìwé géètì, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí ọjọ́ pé tí kò jáde. Ẹ tún bi akọ̀wé kọ́ọ̀tù náà ohun tí adájọ́ kọ sílẹ̀ ní ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Ẹ ya àwòrán gbogbo ojú ìwé tó kan ọ̀rọ̀, pẹ̀lú èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀lé e, àti èèpo ìwé náà. Ẹ wo nọ́ńbà ojú ìwé bóyá ọ̀kan ti fò. Ẹ wo yíǹkì: ìwé tí wọ́dà mẹ́fà kọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í sábà ní àwọ̀ yíǹkì kan náà àti ìkọ̀wé kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí kámẹ́rà ààbò bá wà níbẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ béèrè àwòrán rẹ̀ ní kíkọ, torí pé ẹ̀rọ náà máa ń kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sì béèrè pé kí ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jáde ní ìwé ẹ̀rí tí ó sọ ẹ̀rọ tí wọ́n lò, bí wọ́n ṣe lò ó, àti pé ara ẹ̀rọ náà dá. Ẹ kọ ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù, kì í ṣe nígbà tí agbẹjọ́rò ẹnìkejì bá dìde ní kọ́ọ̀tù.

Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹbí

Ẹ̀sùn tí ẹ ó bá pàdé jù ni ti owó. Wọ́n ní wọ́dà gba owó kí ó tó jẹ́ kí ẹbí rí ẹlẹ́wọ̀n, kí ó tó gbé oúnjẹ wọlé fún un, kí ó tó wá àyè ìsùn tó dára fún un, tàbí kí ó tó mú fóònù wọlé. Kì í sábà gba owó náà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n fi í sí àkáǹtì ìyàwó rẹ̀, tàbí kí wọ́n fún ọlọ́jà tàbí oní-POS tó jókòó sítòsí géètì, kí ìyẹn tó wá fún un ní owó lọ́wọ́ lálẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ ìyá àgbà kan tó ń ti Ajégúnlẹ̀ wá wo ọmọ rẹ̀. Ẹ má ṣe pè é sí ọ́fíìsì ọgbà. Ẹ lọ bá a nílé tàbí níbi tó ti ń tajà, kí obìnrin kan wà nínú àwọn tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyà jẹ ọmọ mi nítorí ọ̀rọ̀ yìí o.” Ẹ má ṣe dá a lóhùn pé ohun kan kò ní ṣẹlẹ̀, nítorí ẹ kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ sọ ohun tí ẹ lè ṣe: “Màmá, a kò ní dárúkọ yín fún wọn báyìí, a ó sì lọ wo ọmọ yín fúnra wa. Bí ẹ bá fẹ́ ká dá ọ̀rọ̀ yìí dúró lónìí, a ó dá a dúró, Mà.” Bí ó bá gbà, ẹ má bi í pé, “Ṣé wọ́dà lágbájá ló gba owó náà?” Ẹ ní, “Ẹ bá mi sọ ọ́ láti ìgbà tí ẹ ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.” Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ka rẹ̀, títí kan oúnjẹ tó gbé wá àti ẹni tó jókòó tì í. Lára àwọn ẹ̀ka wọ̀nyẹn ni ẹ ó ti rí ẹlẹ́rìí kejì.

Bí ìwé rìsíìtì POS bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Irú bébà yẹn a máa ṣí, pàápàá bí ó bá wà nínú àpò tí oòrùn àti òógùn ń bà, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ kò ní sí ohun tí ojú lè kà lórí rẹ̀ mọ́. Ìyá náà lè béèrè àkọsílẹ̀ àkáǹtì tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ní báǹkì. Ti ẹni tó gba owó kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀nà òfin nìkan ni ẹ lè gbà rí i, ìyẹn nípasẹ̀ àṣẹ kọ́ọ̀tù tàbí àjọ tí òfin fún ní agbára rẹ̀. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín, tó bá yọ ọ́ lẹ́yìn fún yín, ti ba ẹjọ́ náà jẹ́, ó sì ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú. Bí ìyá náà kò bá mọ orúkọ wọ́dà náà, ẹ fi àwòrán òṣìṣẹ́ púpọ̀ tí wọ́n jọra ní ọjọ́ orí àti ìrísí hàn án, ẹ má fi ẹyọ kan hàn án.

Àwọn ẹlẹ́wọ̀n

Ẹ pe ènìyàn púpọ̀. Bí ẹnì kan bá fẹjọ́ sùn ní yáàdì kan, ẹ pe àwọn mìíràn láti yáàdì náà àti láti yáàdì kejì, láìtẹ̀lé ètò kankan, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ́ tó ẹnìkejì. Ẹni tí kò ní ohun tí yóò sọ, ẹ bi í nípa omi, nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nípa ẹbí rẹ̀, títí tí àkókò rẹ̀ yóò fi pé. Èyí a máa rẹni, ṣùgbọ́n òun ni kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní àsìkò oúnjẹ tàbí ní àsìkò àlejò, nítorí ẹni tó pàdánù oúnjẹ rẹ̀ nítorí yín yóò sọ ohun tó yára jù.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní èdè tí ẹlẹ́wọ̀n fi sọ ọ́, ìbáà jẹ́ Yorùbá, Haúsá tàbí èdè Píjìn, kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀, ẹ má sì ṣe fi wọ́dà ṣe ògbufọ̀. Ní ọgbà àwọn obìnrin, obìnrin ni kí ó bá obìnrin sọ̀rọ̀. Ìlànà Mandela lórí bí a ṣe ń tọ́jú ẹlẹ́wọ̀n, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 2015, sọ ọ́ ní ìlànà 81 pé ọkùnrin òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ apá àwọn obìnrin láìjẹ́ pé obìnrin òṣìṣẹ́ kan bá a wọlé. Bí ìwé iṣẹ́ bá sì fi hàn pé ọkùnrin kan dá wà níbẹ̀ lóru, ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀sùn, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì sọ̀rọ̀.

Ẹ má ṣe ṣèlérí nípa ẹjọ́ wọn. Ẹni tó ti ń dúró de ìdájọ́ fún ọdún púpọ̀ yóò sọ ohunkóhun tí ó bá rò pé yóò mú un jáde, adájọ́ yóò sì fi ìlérí yín da gbogbo ẹ̀rí rẹ̀ nù. Ẹ sì rántí pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó jẹ́ olórí nínú sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tuntun, lè jẹ́ alábàápín nínú ohun tí wọ́dà ń gbà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ dáadáa jù nípa òṣìṣẹ́ náà ni kí ẹ bi léèrè jù.

Lórí ibi tí olùfisùn yóò sùn, èrò mi kò yí padà: òṣìṣẹ́ ni kí wọ́n gbé kúrò ní yáàdì, kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n. Bí wọ́n bá gbé ẹlẹ́wọ̀n lọ sí Àgbádárìgì nítorí pé ó sọ̀rọ̀, ẹbí rẹ̀ tó wà ní Ṣómólú kò ní lè máa wá wò ó déédéé, agbẹjọ́rò rẹ̀ pẹ̀lú yóò jìnnà sí i, àwọn yòókù yóò sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ pé kí ẹnu dákẹ́. Àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, tó sì fọwọ́ sí i. Ìlànà 57 nínú Ìlànà Mandela dúró lórí èyí: ẹni tó fẹjọ́ sùn kò gbọ́dọ̀ jìyà nítorí rẹ̀.

Lílù àti ikú

Ẹ̀sùn lílù kò gba ìdádúró, nítorí pé ojú egbò a máa jinná, ara wíwú a sì máa rọ̀. Dókítà ọgbà jẹ́ òṣìṣẹ́ ọgbà, nítorí náà ẹ wá dókítà mìíràn láti ilé ìwòsàn ìjọba. Kí ó ya àwòrán ara níwájú àti lẹ́yìn, kí ó fi àmì sí ibi tí egbò wà, kí ó gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó tó ya fọ́tò, kí ó má sì gbàgbé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìlànà Istanbul, tí wọ́n kọ ní ọdún 1999 tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2022, ni àwọn dókítà ń tẹ̀lé nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ dókítà ni bí egbò náà ṣe bá ìtàn tí ẹni náà sọ mu tó, láti orí pé kò bá a mu rárá dé orí pé kò sí ohun mìíràn tó lè fà á. Ẹ má ṣe rọ dókítà láti kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rí bá dúró, òfin tó de ìfìyàjẹni ti ọdún 2017 sọ ọ́ di ọ̀ràn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbáwí lásán.

Bí ẹlẹ́wọ̀n bá kú, iṣẹ́ náà ti kọjá tiyín nìkan. Òfin ìwádìí ikú ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2007 fi irú ikú bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ kòrónà, ìyẹn aláṣẹ tó ń wádìí ohun tó fa ikú. Ẹ rí i pé wọ́n ti sọ fún un, ẹ ti yàrá náà pa, kí ẹ sì gba ìwé iṣẹ́ alẹ́ náà.

Òṣìṣẹ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn

Wọ́dà tó le, tó ń túlé wò dáadáa, tó ń gba igbó àti fóònù, ni wọ́n máa ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn jù. Pípọ̀ ẹ̀sùn kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀daràn, àìsí ẹ̀sùn kò sì sọ ẹnikẹ́ni di ẹni rere. Mo ti rí i pé yáàdì tí kò sí ẹni tó ń ráhùn níbẹ̀ rárá máa ń jẹ́ èyí tí ẹ̀rù ń bà jù. Abala 36 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún òṣìṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ kí ó sì fèsì. Kí ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ tí wọn yóò fún un sọ ọjọ́, ibi àti ohun tí wọ́n ní ó ṣe gan-an, kí wọ́n sì fún un ní àyè tó tó láti dáhùn ní kíkọ. “Ìwà tí kò bá òfin mu” nìkan kò tó. Kò sí ẹni tó lè dáhùn ìyẹn. Ìwé gbélé-ẹ kì í ṣe ìdájọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ bí ẹni pé ìdájọ́ ni.

Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ ohun tó jẹ́ ọ̀ràn, ẹ dá a dúró, kí ẹ pe àwọn tí òfin yàn fún un. Ní Èkó, òfin tó ń darí ẹjọ́ ọ̀ràn, ní abala 9, béèrè pé kí wọ́n ya fídíò ìjẹ́wọ́ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, tàbí kí agbẹjọ́rò tí ẹni náà fẹ́ wà níbẹ̀ bí kò bá sí fídíò. Ìjẹ́wọ́ tí ẹ fi ẹ̀tàn gbà nínú ọ́fíìsì kò ní dé ibì kankan.

Ẹ wo òkè pẹ̀lú. Ta ló fọwọ́ sí ìwé sítọ̀? Ta ló pín òṣìṣẹ́ kan náà sí géètì kan náà lóṣù mẹ́ta léra? Ó rọrùn láti gbé ẹ̀bi lé wọ́dà kékeré lórí, kí àwọn tó ń gba ìpín tiwọn wà ní ìjókòó.

Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí fóònù nílò ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ohùn kan tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì tó mú kí wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n pé wọ́n gba owó láti dẹ ẹ̀wọ̀n lára ènìyàn, ìjọba àpapọ̀ sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn ìwádìí, ṣùgbọ́n kò lè parí rẹ̀. Ẹ wá fóònù tó kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ àti gbogbo ohùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé, kí ẹ sì padà sínú ìwé ọgbà lọ wò ó bóyá ohun tí ohùn náà sọ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tó sọ.

Àbọ̀ ìwádìí

Lábẹ́ ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ìwé tàbí ẹnu tí ó ti wá, èsì òṣìṣẹ́ náà, àti bóyá ẹ̀rí ti ẹ̀sùn náà lẹ́yìn, kò tó, tàbí irọ́ ni ẹ̀sùn náà. Ẹ má lo ọ̀rọ̀ bíi “ìkà” tàbí “aláìlójútì”. Fún ìbáwí, ó tó kí ẹ̀rí apá kan wúwo ju ti èkejì lọ. Fún ọ̀ràn, Òfin Ẹ̀rí ní abala 135 béèrè ẹ̀rí tí kò ní fi iyèméjì tó mọ́gbọ́n wá sílẹ̀. Nítorí náà ohun kan lè tó láti lé ènìyàn kúrò níṣẹ́ kí ó má tó láti fi í sẹ́wọ̀n, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ èwo ni ẹ ní lọ́wọ́. Ẹ kọ orúkọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n sí ojú ìwé ọ̀tọ̀ tí ẹ dì pa, kí ẹ lo nọ́ńbà nínú àbọ̀ náà, kí ẹni tó bá gbà á sì fọwọ́ sí i.

Kí ẹ tó pa fáìlì dé, ẹ padà lọ sí ọgbà náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú, kí ẹ béèrè fún olùfisùn láàárín àwọn mìíràn bí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ìwé ìjìyà àti ìwé ilé ìwòsàn láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. Bí orúkọ rẹ̀ bá ti wọ ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ̀sùn tuntun ni, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé géètì.